Àpò Kò Sí Nínú Ẹ̀wù Wọn

Páálí náà dé láti Kutọnu lọ́jọ́ Ẹtì,
onísẹ́míjàn so ó mọ́ ẹ̀yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé relé àna.
Àǹtí Kọlẹ́tì ló fi ránṣẹ́. Ó ní:
“Fi ojú aránṣọ wò wọ́n fún mi,
kí n mọ èyí tí màá kó wá tà ní Kétu
kí ọdún tó wọlé.”
Ọmọláńgidi mẹ́ta.
Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ,
mo fi gíláàsì sójú, mo mú téèpù.

Èkínní pupa bí ọmọ òòjọ́.
Bí o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ojú rẹ̀ a pa dé;
bí o bá gbé e dìde, ọ̀tún a là, òsì a kọ̀,
bí alágbàtà tó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n.
Irun rẹ̀, ọ̀rá ni:
ó kan irin ìlọṣọ díẹ̀, ó ká jọ bí kòkòrò.
Ẹ̀wù rẹ̀ dára lókèèrè. Sún mọ́ ọn:
bọ́tìnì mẹ́rin, kò sí ihò bọ́tìnì kan,
wọ́n kàn lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, irọ́ gbáà.
Ẹ̀yìn ni wọ́n ti fi òwú rán an pa.
Aṣọ tí a kò lè bọ́,
ṣé aṣọ ni, àbí awọ?

Èkejì dúdú. Inú mi kọ́kọ́ dùn.
Mo wò ó síwájú, mo wò ó sẹ́yìn:
ti àkọ́kọ́ náà ni, imú kan náà, ètè kan náà,
wọ́n kàn rẹ ẹ́ láró ni.
Ẹyẹ inú àǹkárá rẹ̀ dorí kodò.
Ẹni tó gé e kò rí ẹyẹ rí, tàbí ebi ń pa á.
Mi ò bú u o.
Èmi náà ti gé aṣọ lódì rí,
lálẹ́ tí iná lọ, tí oníbàárà sì dúró tì mí.

Ẹ̀kẹta kéré. Tẹ ikùn rẹ̀, a sọ̀rọ̀,
kì í ṣe èdè wa, kì í ṣe Faransé.
Serafíìnì, ọmọ àbúrò mi, ní ògì ló ń bèèrè.
Ìránṣọ tirẹ̀ dára, mo gbà:
ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba etí rẹ̀, fìlà bá a mu.
Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀! Ìbọ̀sẹ̀, nínú oòrùn Kétu!

Serafíìnì ń yí ẹ̀wù wọn po, ó ń fọwọ́ wá inú rẹ̀.
“Kí lò ń wá?”
“Àpò.”
“Àpò kí ni?”
“Níbo ni wọ́n á kó owó gààrí sí?”

Téèpù dúró lọ́wọ́ mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó mú tirẹ̀ jáde:
ṣùkù àgbàdo, ó ró ìró, ó wé gèlè.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ti yẹ ti òkè òkun wò, mi ò ṣojúsàájú:
ìránṣọ rẹ̀ wọ́ bí ipa ejò,
apá kan gùn ju èkejì lọ,
ṣùgbọ́n àpò wà níbẹ̀, ó jìn,
ẹ̀pà méjì sì wà nínú rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo tó wo aṣọ ọ̀hún dáadáa.
Àwọ̀ ewé, òrùka wúrà lára rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí Ìyá Odùnlámì ti ń rìn
láti ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdẹ́nà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi,
tó ń béèrè ìyókù aṣọ rẹ̀,
tí mò ń fi Ọlọ́run búra pé kò ṣẹ́ kù.

Mo kọ̀wé: Àǹtí, ra ọmọ, fi ẹ̀wù wọn sílẹ̀ fún wọn.
A ó dá tiwa sí wọn lára níhìn-ín.

Ìyá Odùnlámì ń bọ̀ lọ́la.
Mo ní kí Serafíìnì gbé ọmọ rẹ̀ pamọ́.
Ó gbé e pọ̀n, ó wò mí lójú:
“Ṣé ọmọ mi ló búra ni?”